Àṣàbí Tó Ń Jẹ́ Kí Aṣọ Máa Jà

Ẹni tó bá ń kọ ìrántí òkú sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ọdún tí wọ́n bí olóògbé, ilé ìwé tó lọ, àti iye ọmọ tó fi sáyé lọ. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí ìyá ìyá mi. Àwọn fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìwé ìrìnnà, akọ̀wé ló bá wọn mú ọjọ́ kan, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ inú ẹ̀ẹ̀rùn, torí àwọn ò fẹ́ òtútù. Ní ti ìwé, wọn ò kà ju ìwé kejì lọ, èmi náà tí mò ń kọ èyí ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni mo máa sọ: bí wọ́n ṣe ń mú aṣọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ìjà wa, àti ohun kan tó jẹ́ tiwọn tí mo fi ẹ̀rù mi gbé fún ẹlòmíì, tí mi ò sì gbà á padà títí wọ́n fi kú.

Dọ́káàsì ni orúkọ ìjọ wọn, Àṣàbí ni oríkì wọn. Màámá ni èmi àti Bùkọ́lá àbúrò mi ń pè wọ́n, torí àwọn ló tọ́ wa lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Aránṣọ ni wọ́n ní Ìkirè. Nígbà tí Bùkọ́lá lóyún ní Padova, tó rí i pé iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó Òyìnbó ò ní jẹ́ kí òun ráyè tọ́jú ọmọ òun, a ní kí Màámá máa bọ̀. Àpótí méjì ni wọ́n gbé dé. Mo rò pé gààrí àti ẹja gbígbẹ ló wà nínú èyí tó wúwo. Ègé aṣọ ni. Ègé aṣọ ogójì ọdún, tí wọ́n ká, tí wọ́n fi okùn dì ní ìdì-ìdì.

Mo ní, "Màámá, ṣé kò sí aṣọ ní Ítálì ni?"

Wọ́n ní, "Ó wà. Àmọ́ kò tíì mọ̀ mí."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wọn, torí kì í ṣe bí aránṣọ gbogbo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Aṣọ àgbà, wọ́n á rán an bí oníbàárà bá ṣe fẹ́. Ti ọmọdé ló yàtọ̀. Etí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ, kì í ṣe ọwọ́. Wọ́n á gbé ọmọ ka orí àpótí, wọ́n á bi í pé, "Kí lo jẹ́ lónìí?" Wọn kì í bi í ní ohun tó fẹ́ wọ̀ o. Bí ọmọ bá ní ilé tó ń fò ni òun, wọn ò ní rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ilé tó ń fò, ṣé ó ní fèrèsé?" Bó bá ní fèrèsé, aṣọ ṣẹ́ẹ̀kì á jáde látinú àpò. Bó bá ń fò gba àárín igi, olódòdó á tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀fúùfù bá ń fẹ́ ẹ, apá ẹ̀wù kan á jẹ́ onílà, èkejì á jẹ́ tóótòtó, torí pé ẹ̀fúùfù kì í fẹ́ apá méjèèjì bákan náà.

Èèyàn á rò pé wọ́n kàn ń dà á pọ̀ ni. Rárá o. Bí òdòdó bá tóbi, ìlà gbọ́dọ̀ kéré. Bí ìlà bá fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, òdòdó gbọ́dọ̀ rí wínníwínní bí iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n ní àgbà méjì kì í jókòó sórí àga kan. Lẹ́yìn náà ni òwú pupa. Ohunkóhun tí wọ́n bá rán pọ̀, òwú pupa kan náà ló ń la ojú aṣọ méjèèjì kọjá, lójú ìta tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ nípa ìránṣọ mọ̀ pé inú ni èèyàn ń fi òwú pamọ́ sí. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan. Wọn ò gbójú sókè.

"Aṣọ méjì tó bá ń jà, má là wọ́n. Wá ojúlùmọ̀ àwọn méjèèjì kó jókòó sáàárín."

Èmi náà ti gun orí àpótí yẹn rí. Ọmọ ọdún méje ni mí, ìkórè àwọn ọmọdé ku ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n bi mí ní ohun tí mo jẹ́. Mo ní ẹja ni mí, mo ń gun àkàbà. Wọ́n ní, "Àkànní, kí ni ẹja ń wá lórí àkàbà?" Mo ní ó fẹ́ mọ ibi tí òjò ti ń wá. Wọ́n mi orí bí ìgbà tí àgbà ìlú bá sọ̀rọ̀. Wọ́n fi tóótòtó ṣe àyà ẹ̀wù, ìpẹ́ ẹja nìyẹn. Wọ́n fi ìlà ńlá dábùú apá méjèèjì, àkàbà nìyẹn. Wọ́n wá gé ọrùn rẹ̀ látinú kọ́tìnnì olódòdó kan tó ti gbó. Kí n má purọ́, mo rẹwà. Mo rẹwà títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àkísà ti dé o!" Ọmọ olórin ìjọ ló kọ́kọ́ ké e. "Ẹ bá wa kí Bàbá Àkísà!"

Kí wọ́n tó kọrin àkọ́kọ́ tán, mo ti wà lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ìkòkò omi, mo ká ara mi jọ. Ibẹ̀ ni Màámá bá mi. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìkórè wọn, wọn ò sọ fún mi pé kí n má sunkún. A wà níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí ẹnu, wọ́n ní:

"Ẹja rẹ ò kú. Àwọn ni wọn ò rí i."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti pa ẹja ọ̀hún. Látọjọ́ náà, aláwọ̀ eérú ni mò ń wọ̀, àti dúdú, àti búlúù tó fẹ́ di dúdú. Ítálì wá bá mi lára mu. Nínú magazzino, ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń kó ẹrù, gbogbo wa la wọ aṣọ kan náà. Nínú tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro, mo máa ń dúró níbi tí èèyàn ò ti ní rí mi tán. Bí kọntrolọ́ọ̀ bá wọlé, mo ní tíkẹ́ẹ̀tì, àyà mi ni kì í ní.

Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ wọn, ọ̀dọ̀ mi ní Torino ni wọ́n wà, kí Bùkọ́lá tó rí ilé tó gba èèyàn púpọ̀. Ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Barriera di Milano ni, àjà kẹrin. Mo máa ń jáde láàárọ̀, mo máa ń dé nírọ̀lẹ́, ojú fèrèsé kan náà ni mo ti máa ń bá wọn. Kò sọ́mọ kankan nínú ilé tí wọ́n lè bi léèrè. Wọ́n bi èmi lẹ́ẹ̀kan, láàárọ̀ Sátidé kan, bóyá torí ó ti sú wọn. "Àkànní, kí lo jẹ́ lónìí?" Mo ní, "Màámá, ó ti rẹ̀ mí." Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní ìyẹn ò ní aṣọ.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn aṣọ tó wà ní balcone, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta ilé wa, ṣeré. Bí wọ́n bá fọṣọ, wọ́n á sá onílà ti olódòdó, wọ́n á fi ẹ̀wù eérú mi sáàárín méjèèjì, wọ́n ní kí òun náà lè rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Arúgbó Òyìnbó kan wà ní òdìkejì cortile, àgbàlá àárín ilé, Signora Piera, òun nìkan ló ń gbélé. Ó wo okùn wa fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kan, òun náà sá aṣọ tábìlì oníṣẹ́ẹ̀kì ti pétíkóòtì olódòdó. Màámá pàtẹ́wọ́ láti ibi tí wọ́n wà. Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń sọ. Èyí á sá, èyí á dá a lóhùn, òtútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ gé wọn níka.

Ìgbà kan dé tí okùn Signora Piera ṣófo. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin. Màámá ní kí a lọ wò ó. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó dáadáa: bí arúgbó náà bá ti kú, tí àwọn ọlọ́pàá bá dé, tí wọ́n bá ọkùnrin dúdú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ? Pé aṣọ tábìlì ló sọ fún wa? Mo ní, "Màámá, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù." Wọ́n ti wọ bàtà. Wọ́n ní:

"Ẹni tí kò bá sáṣọ fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn rẹ̀."

Wọ́n kàn án. Èmi dúró sórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ kan nísàlẹ̀, kí n lè sá lọ sí ibi tó bá yẹ. Signora Piera ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ ló bàjẹ́. Màámá kó gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú báàfù wa, wọ́n fọwọ́ fọ̀ ọ́, wọ́n sì sá a padà fún un, ìlà ti òdòdó.

Ìgbà tí wọ́n dé Padova ni ara wọn tó balẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ Bùkọ́lá, ti dáyé. Èmi náà kó wá sí Padova lẹ́yìn ọdún kan, mo wáṣẹ́ síbẹ̀, mo gba yàrá ní Arcella, ibùdókọ̀ tram méjì sí wọn. Nígbà tí ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò fẹ́ràn àtifi Yorùbá dáhùn. Màámá náà ò gbọ́ Italian. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ ara wọn yé tó bẹ́ẹ̀.

"Kí lo jẹ́ lónìí?"

"La pioggia, Màámá."

"Òjò wo? Ti àárọ̀ àbí ti ìrọ̀lẹ́?"

"Quella col gatto."

"Òjò tó gbé ológbò dání." Wọ́n ti ń wá inú àpò. "Ológbò ọ̀hún tutù àbí kò tutù?"

Bí gatto ṣe yé wọn, ẹ má bi mí. Ọmọ náà wọ síkẹ́ẹ̀tì onílà tín-tìn-tín lọ sí asilo, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú bùláòsì tó ní òdòdó bí ojú abọ́, ìbọ̀sẹ̀ kan tóótòtó, èkejì oníṣẹ́ẹ̀kì, òwú pupa gba gbogbo rẹ̀ kọjá. Bùkọ́lá á ti jáde lọ síbi iṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Èmi tí mo máa ń mú un lọ á jẹ́ kó máa rìn níwájú díẹ̀. Bí ẹnì kan bá wò wá, màá wo fóònù mi.

Bó ṣe di pé wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé tí ọmọ ń mú bọ̀ wálé nìyẹn. Ilé ìwé fẹ́ bá ìdílé sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ju ìlà kan lọ, ìlà kan náà ò sì jẹ́ kí n jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbí mọ ìtàn tí àwa èèyàn wa máa ń sọ fúnra wa lẹ́yìn ìsìn: pé assistente sociale, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ, wọlé ẹnì kan, ó wo inú fíríìjì, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó mú ọmọ lọ. Mi ò tíì pàdé ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí rí. Gbogbo ẹni tó sọ ọ́ ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Mo gbà á gbọ́ bí ìwé mímọ́.

Bùkọ́lá ò rí àyè gbà níbi iṣẹ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú Màámá lọ. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ Italian jù." Mo lọ ẹ̀wù eérú mi lẹ́ẹ̀mejì.

Maestra Paola, olùkọ́ ọmọ náà, jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Ó fi wá jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Ó ní àwọn ọmọ kan ti ń fi Mọrẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní bóyá nǹkan le nílé, pé àpò aṣọ kan wà tí àwọn òbí fi tọrẹ.

Màámá ní, "Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ kú iṣẹ́."

"Ojú rẹ̀ ò jọ ti ẹni tó ní mo kú iṣẹ́. Sọ fún un pé ọmọ ló ń sọ ohun tó jẹ́, èmi ń rán ohun tó sọ. Kó bi ọmọ léèrè, ọmọ á ṣàlàyé ara rẹ̀."

Mo ṣíjú wo maestra. Mo rí fíríìjì, mo rí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo àwa tá a pẹ́ níbí mọ̀. Bí Òyìnbó bá bi ọ́ ní ohun tí o ò lè ṣàlàyé, ariwo ni o, òórùn ọbẹ̀ ni o, sọ pé àṣà ìbílẹ̀ yín ni. Yóò mi orí, yóò bẹ̀ ọ́ kí o máà bínú. Ẹnu mi sọ ọ́ kí n tó mọ̀:

"È la nostra tradizione, signora. Ní ìlú wa, bí gbogbo ọmọ ṣe ń múra nìyẹn."

Ojú maestra là bí ìgbà tí èèyàn ṣí kọ́tìnnì. "Ma che bello!" Ó ní ó mà rẹwà o. Ó di Màámá lọ́wọ́ mú. Ó ní òun bẹ̀bẹ̀, òun ò mọ̀. Màámá rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n yíjú sí mi: "Ṣé o rí i? Òtítọ́ kì í pẹ́ yé èèyàn."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jáde, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

Ní oṣù Karùn-ún, asilo pe Màámá pé kí wọ́n wá síbi àjọ̀dún kan tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti máa ń gbé nǹkan ìlú rẹ̀ wá. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni wọ́n ní kí àwọn wá fi hàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi rán aṣọ kan fún Mọrẹ́nikẹ́, tó ní ojú méje, tí kò sí èyí tó bá èkejì tan. Mi ò rí wọn kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ yìí. Mo mọ ohun tí mo ti sọ. Ẹnu mi ò gbà á.

Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti gbé tábìlì kan kalẹ̀ fún wa ní àgbàlá, a tẹ́ aṣọ náà síbẹ̀, wọ́n sì fi páálí kan tí wọ́n kọ nǹkan sí tì í. Ìyá kan, ará Benin, tó ní ọmọ níbẹ̀, wá dúró, ó wo aṣọ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Mama, abeg, which side for Nigeria dem dey wear this one? Me I never see am for Benin o."

"Who talk say na Nigeria?" ni Màámá wí.

"Na im dem write for paper. Say na so all our pikin dem dey dress." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Màámá yíjú wo páálí náà. Lẹ́yìn náà wọ́n pè mí, wọn ò pariwo. "Àkànní. Kí lo sọ fún obìnrin yẹn lọ́jọ́ ọjọ́sí?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti fíríìjì, mo sọ ti bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbọ́ mi tán. Mo ti rí wọn tí wọ́n ń bínú, mo ti jẹ ẹgba wọn rí, ti ọjọ́ yìí ò jọ ọ́. Wọ́n ní:

"Ní Ìkirè, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ torí aṣọ yìí títí irun orí mi fi funfun. Ìwọ wá gbà á lọ́wọ́ mi, o kó o fún Ìkirè."

Mo rò pé wọ́n máa ní ká máa lọ sílé. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi àpò ègé aṣọ sílẹ̀, wọ́n mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n jókòó sórí àga ọmọdé, wọ́n ní kí Mọrẹ́nikẹ́ máa bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè tó mọ̀. Ọmọ kan wá, ó ní kìnnìún ni òun. Òmíràn ní òṣùpá. Màámá ń wá ègé, wọ́n ń so ó mọ́ èjìká, wọ́n ń gba òwú pupa kọjá. Kó tó pẹ́, àwọn ọmọ ti fi tábìlì àkàrà òyìnbó sílẹ̀ fún àwọn òbí, wọ́n ti tò síwájú wọn. Ọmọbìnrin kékeré kan dé, ó ní bàbá àgbà òun ni òun.

Màámá wo inú àpò, wọn ò rí i níbẹ̀. Wọ́n wo mí. "Àkànní, bọ́ súwẹ́tà rẹ."

"Màámá!"

"Aṣọ bàbá arúgbó ni mò ń wá. Tìẹ ló jọ ọ́ jù."

Wọ́n gé e ní apá lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n fi eérú yẹn ti òdòdó òféfèé, mo sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé eérú lẹ́wà, bó bá ti lẹ́ni tí yóò bá jà.

Ìgbà tó yá, maestra Paola gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní kí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún nonna, ìyá àgbà, tó mú bella tradizione africana, àṣà Áfíríkà tó rẹwà, wá. Màámá ti wá mọ ọ̀rọ̀ náà báyìí. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà. Gbogbo Italian tí wọ́n sọ ní gbangba láyé wọn nìyí:

"No. Mia."

Tèmi ni, ni wọ́n wí. Wọ́n tún un sọ. Àwọn òbí rò pé ìdùnnú ló pa wọ́n, ni wọ́n bá túbọ̀ pàtẹ́wọ́. Maestra ní kí a fi aṣọ náà sílẹ̀ fún ilé ìwé, wọ́n sì fi í kọ́ ara ògiri, páálí lábẹ́ rẹ̀.

Nínú tram, Màámá ní, "Wàá lọ sọ fún un." Mo ní màá lọ. Lọ́kàn mi, bí mo bá jẹ́wọ́ pé mo purọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á tún gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn gbé yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìsinmi mi, ọjọ́ Ajé ni mo máa ń lọ kí wọn. Bí mo bá ti wọlé, kí n tó bọ́ bàtà: "O ti lọ?" Mo ní iṣẹ́ ni. Mo ní òjò ni. Mo ní ilé ìwé ti gba ìsinmi, ìyẹn tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ fún oṣù mélòó kan. Mọrẹ́nikẹ́ kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sí elementare, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ń wọ aṣọ ilé ìwé aláwọ̀ kan bíi ti gbogbo ọmọ. Láàárọ̀, Màámá ò tún ní ẹni tí wọ́n máa bi léèrè. Mo máa ń bá wọn lẹ́nu fèrèsé, bíi ti Torino. Nígbà tí àìsàn gbé wọn dùbúlẹ̀, mo lọ bá wọn ní ọjọ́ Ajé kan, mo ti múra irọ́ tuntun sílẹ̀. Wọn ò bi mí mọ́. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọn ò sí.

Àwọn ìyá ìjọ ló wẹ̀ wọ́n. Wọ́n bi mí pé aṣọ wo ni ká wọ̀ fún wọn, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti mú léèsì funfun dání, ó mọ́, ó lẹ́wà. Bùkọ́lá ń wò mí. Mo mọ ohun tó yẹ kí n wí: ègé aṣọ tiwọn, òwú pupa. Mo ní, "Èyí tí ẹ mú wá náà ti dára." Gbogbo ọ̀nà sí itẹ́ òkú ni mo fi ń rí i pé irọ́ kejì nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí ní Italian lọ́tẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí asilo. Mo dé ẹnu géètì lẹ́ẹ̀mẹta, mo yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù tó ń bà mí ò nídìí mọ́: ọmọ ò sí níbẹ̀, Màámá ò sí láyé, kò sí ohun tí wọ́n lè gbà. Ó ṣì bà mí. Mo wá rí i pé ẹ̀rù yìí ò ti ọwọ́ ìjọba wá rárá, èmi ni mo ń bọ́ ọ.

Maestra Paola dá mi mọ̀. Aṣọ náà ṣì wà lára ògiri, eruku díẹ̀ ti bà léjìká rẹ̀. Mo ní, "Signora, mo purọ́ fún yín. Kì í ṣe àṣà wa. Kò sẹ́nì kankan nílùú wa tó ń múra báyìí."

Ó wo aṣọ, ó wo mí. "Ta ló wá ni ín?"

"Ìyá àgbà mi. Orí wọn ni wọ́n fi rò ó."

Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó yọ páálí yẹn kúrò, ó mú òmíràn wá pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì tó nípọn, ó ní kí n kọ ọ́ fúnra mi. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tóbi ju àwọn tó kù lọ. Mo kọ Dọ́káàsì Àṣàbí. Mo fi gbogbo àmì sí i, òkè àti ìsàlẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní Italian pé àwọn ló rò ó, àwọn ló rán an.

"Àwọn ọmọ ṣì ń béèrè wọn," ni maestra wí. "Wọ́n ń ní ìgbà wo ni signora tó máa ń béèrè ohun tí a jẹ́ máa padà wá."

Mo ní wọn ò ní padà wá. Mo dúró díẹ̀ sí i, bóyá ẹnì kan á tún bi mí ní nǹkan míì. Àwọn ọmọ ń sùn lọ́sàn-án, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo bọ́ síta.

Màámá, orúkọ yín ti wà níbẹ̀. Ó pẹ́ jù, mo mọ̀. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ fún ẹni tó ń lọ pé ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kó bá wọn jẹ. Pásítọ̀ wa sì ti fi dá wa lójú pé funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀ níbẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé orí ìtẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí wọ́n bá ń wọ̀, ẹ má bá wọn wọ̀ ọ́.